Kí Ló Dé Tí Apá Bàálù Fi Tẹ̀ Sẹ́yìn?

Bí ẹ bá ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rí nínú bàálù tó ń lọ láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ó ti rí i pé apá rẹ̀ kò nà tààrà bí apá ẹni tó fẹ́ gbá èèyàn mọ́ra. Ó tẹ̀ sẹ́yìn bí apá àṣá tó ń já bọ̀ lórí òròmọdìẹ. Ṣùgbọ́n àwọn bàálù kékeré tó ní abẹ̀bẹ̀ níwájú, àwọn tí kì í gbà ju èèyàn mẹ́rin lọ, apá tiwọn nà gbọnrangandan ni. Mo ti bi ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìdí rẹ̀. Èsì tí mo máa ń gbà jù ni pé ó tẹ̀ kó lè gé afẹ́fẹ́ bí ọ̀bẹ. Èsì yẹn dùn létí, àmọ́ kì í ṣe òun. Tó bá jẹ́ òun ni, wọn ì bá ti máa tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn láti 1903 tí àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Wright ti kọ́kọ́ fò.

Ìdí gan-an wà nínú iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Bíríténì, Jámánì àti Amẹ́ríkà láti nǹkan bí 1930 títí dé ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ẹ́ńjìnnì kan jáde tó lágbára ju ohun tí apá bàálù ìgbà náà lè gbà lọ, afẹ́fẹ́ sì kọ̀ fún un. Bí wọ́n ṣe bẹ afẹ́fẹ́ títí tó fi gbà ni ìtàn yìí.

Abẹ̀bẹ̀ dé òpin ọ̀nà

Ní 26 April 1939, Fritz Wendel, awakọ̀ òfurufú ará Jámánì, wa bàálù Messerschmitt kan tó sáré 755 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹ́ńjìnnì oní-písítìnì, irú èyí tó wà nínú mọ́tò, ló ń yí abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀. Ó tó 30 ọdún gbáko, 1969, kí bàálù mìíràn tó ń lo irú ẹ́ńjìnnì yẹn tó borí rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò gbìyànjú.

Ẹnu abẹ̀bẹ̀ ni wàhálà wà. Bí abẹ̀bẹ̀ ṣe ń yí ni bàálù tún ń gbé e lọ síwájú, nítorí náà, eré méjì ni ẹnu rẹ̀ ń sá pọ̀. Kí bàálù fúnra rẹ̀ tó sún mọ́ ìyára ìró, ẹnu abẹ̀bẹ̀ ti débẹ̀ ṣáájú. Tó bá sì ti débẹ̀, kì í di afẹ́fẹ́ mú dáadáa mọ́; ariwo ló kàn máa ń pa, agbára ẹ́ńjìnnì á sì máa ṣòfò. Bẹ́ẹ̀ ni bí ẹ bá sì ní kí bàálù gòkè lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́ kó lè sáré, ẹ́ńjìnnì písítìnì á máa mí hẹlẹ-hẹlẹ, torí kò rí afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó láti fi jó epo.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Frank Whittle, ọmọ ìlú Coventry, ọmọ ogun òfurufú Bíríténì, ti ro èyí wò. January 1930 ló gba ilé iṣẹ́ ìjọba lọ kí wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ló ni èrò ẹ́ńjìnnì tuntun kan. Ọmọ ọdún 22 ni. Àwọn ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òfurufú kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Nígbà tó di 1935, ó yẹ kó san pọ́n-ùn 5 kí ẹ̀tọ́ rẹ̀ má bàa já. Kò ní in lọ́wọ́, ìjọba náà kò sì bá a san. Bó ṣe já nìyẹn. Pọ́n-ùn márùn-ún! Ní Jámánì, láàárín ìgbà yẹn, Hans von Ohain náà ń ro irú nǹkan kan náà, kò sí èyí tó mọ èkejì.

Ẹwìrì tó ń fín ara rẹ̀

Ẹ rántí ilé àgbẹ̀dẹ. Ọmọ iṣẹ́ jókòó ti ẹwìrì, ó ń fín in, afẹ́fẹ́ ń wọ inú iná, irin ń pọ́n. Tí ọmọ iṣẹ́ bá tòògbé, iná á rẹlẹ̀. Ká sọ pé iná yẹn fúnra rẹ̀ ló ń fín ẹwìrì ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Abẹ̀bẹ̀ irin kan wà níwájú rẹ̀ tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, tó sì ń kì í mọ́ra títí tí yóò fi ki. Afẹ́fẹ́ kíki yìí á wọ yàrá iná, wọ́n á da kẹrosíìnì sí i, á gbiná, á wú, á sì máa wá ibi sá gbà. Ẹ̀yìn nìkan ni ọ̀nà wà. Bó ṣe ń sá lọ, á gba àárín abẹ̀bẹ̀ irin kejì kọjá, èyí tí wọ́n ń pè ní tọ́báìnì, á sì máa yí i. Ọ̀pá kan ló so tọ́báìnì yìí mọ́ abẹ̀bẹ̀ iwájú. Iná ń yí ti ẹ̀yìn, ti ẹ̀yìn ń yí ti iwájú, ti iwájú ń fún iná ní afẹ́fẹ́. Agbára tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ẹwìrì ti gba tirẹ̀ ló ń tú jáde ní ìdí ẹ́ńjìnnì, tó ń gbé bàálù lọ.

Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Wọ́n rò pé afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń jáde ń ti afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn bàálù, bí ìgbà tí ọlọ́kọ̀ ojú omi bá fi ọ̀pá ti ìsàlẹ̀ ọ̀sà. Rárá o. Ẹ jókòó sínú ọkọ̀ kékeré lórí omi, ẹ kó iṣu mẹ́wàá síwájú ara yín, kí ẹ wá máa jù wọ́n sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan tagbára-tagbára. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ju ọ̀kan, ọkọ̀ á sún síwájú díẹ̀. Kò dìgbà tí iṣu bá kan nǹkan kan lẹ́yìn. Bí ẹ ṣe ń ti iṣu lọ ni iṣu náà ń ti ẹ̀yin, ọkọ̀ tí ẹ jókòó lé sì ń bá yín lọ. (Ẹni tó ni iṣu nìkan ni kò ní dùn mọ́.) Afẹ́fẹ́ ni iṣu tí ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì ń jù. Abẹ̀bẹ̀ àtijọ́ náà ń ju afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, àmọ́ púpọ̀ ló ń jù, jẹ́jẹ́ ló sì ń jù ú. Jẹ́ẹ̀tì ń ju díẹ̀, pẹ̀lú ìbínú.

Ní 12 April 1937, Whittle tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àkọ́kọ́ nílùú Rugby. Ó gbéra, ó ń sáré, ariwo rẹ̀ ń ga sí i. Whittle pa ẹ̀rọ epo, ẹ́ńjìnnì kò gbọ́. Eré rẹ̀ tún ń le sí i ni. Àwọn tó dúró tì í ki eré mọ́lẹ̀. Ìgbà tí ara rọlẹ̀ ni wọ́n tó mọ̀ pé epo ti jò sínú rẹ̀, ó sì ti dárogún síbẹ̀ kí wọ́n tó tan án, nítorí náà, ó ń jẹ epo tí ẹnikẹ́ni kò bu fún un.

Síbẹ̀, Jámánì ló kọ́kọ́ fò. Heinkel He 178, bàálù tó lo ẹ́ńjìnnì von Ohain, gbéra ní 27 August 1939, ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ogun. Ti Whittle, Gloster E.28/39, fò ní Cranwell ní 15 May 1941 fún ìṣẹ́jú 17. Kí ogun tó parí, ìlú méjèèjì ti ní bàálù jẹ́ẹ̀tì tó ń jà lójú ogun. Ìnira Jámánì ni pé kò rí irin tó ń gba ooru kó jọ bó ṣe fẹ́, bíi níkẹ́ẹ̀lì àti kíróómù, ẹ́ńjìnnì Me 262 wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ lò ju wákàtí 25 lọ kó tó kọṣẹ́.

Ẹ yàgò lọ́nà o!

Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì parí síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Agbára ti wà. Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ ti ń kan nǹkan kan lójú òfurufú tí wọn kò lóye, kódà kí jẹ́ẹ̀tì tó dé. Bí wọ́n bá dorí Lockheed P-38 ti Amẹ́ríkà kodò láti òkè réré, bàálù náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọ̀pá ìdarí á le gbagidi lọ́wọ́ awakọ̀, imú bàálù á sì tún máa dorí kodò sí i. Àwọn kan kò bọ́ níbẹ̀. Ní 27 September 1946, Geoffrey de Havilland, ọmọ ẹni tó dá ilé iṣẹ́ bàálù de Havilland sílẹ̀, ń dán DH 108 wò. Bàálù náà fọ́ sí wẹ́wẹ́ lójú òfurufú, ó sì kú.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀? Ẹ bá mi dé ọjà Ọ̀yìngbò. Alábàárù kan ru àpò ìrẹsì, ó ń bọ̀ láàárín èrò, ó ń ké, "Ẹ yàgò lọ́nà o!" Ohùn rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà níwájú, wọ́n ń yà, àyè ń ṣí, òun náà ń kọjá. Afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ń gbọ́ yàgò. Bí apá bàálù ṣe ń bọ̀, ó ń ti afẹ́fẹ́ tó wà níwájú rẹ̀, ìyẹn ń ti èyí tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtìsíra-ẹni yìí kò yàtọ̀ sí ìró, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìyára ìró gan-an ló fi ń rìn. Kí apá tó dé, afẹ́fẹ́ ti ń yà.

Tí alábàárù bá wá ń sáré tó ohùn ara rẹ̀ ńkọ́? Òun àti igbe rẹ̀ á jọ débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnikẹ́ni kò ráyè yà. Èrò á wọ́ jọ sójú kan, á di òkìtì. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń di òkìtì náà nìyẹn, ìgbì líle kan tó dúró sára apá bàálù, tó ń fà á sẹ́yìn, tó sì ń já afẹ́fẹ́ gbà kúrò lára ojú apá tó yẹ kó máa tẹ̀ lé. Tí ìgbì yẹn bá bọ́ sí ibi tí awakọ̀ fi ń darí, kò sí ohun tí agbára ọwọ́ èèyàn lè ṣe sí i.

Ohun tó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé kò dìgbà tí bàálù bá dé ìyára ìró kí èyí tó bẹ̀rẹ̀. Ojú òkè apá bàálù yọ díẹ̀ sókè, afẹ́fẹ́ tó ń gba ibẹ̀ sì máa ń sáré ju bàálù fúnra rẹ̀ lọ. Ìró ń rin nǹkan bí 1,225 kìlómítà ní wákàtí kan nílẹ̀ tí ooru bá jẹ́ 15 lórí ìwọ̀n Selsius. Lókè, níbi kìlómítà 11 tí òtútù ti ń mú gan-an, kò ju nǹkan bí 1,060 lọ. Nígbà tí bàálù bá ń sáré 800 péré níbẹ̀, afẹ́fẹ́ orí apá rẹ̀ lè ti dé ìyára ìró.

Àwọn oníwèé ìròyìn ló sọ gbogbo èyí di "ògiri ìró." Ní 1935, W. F. Hilton, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Bíríténì, ń ṣàlàyé fún oníròyìn bí ìdènà afẹ́fẹ́ ṣe ń ga bí ìgànná tí bàálù bá ti ń sún mọ́ ìyára ìró. Àwòrán lórí ìwé ló ń tọ́ka sí. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ náà ti di ògiri tí kò ṣeé là kọjá. Ògiri kankan kò sí. Ọ̀wọ́n ni ọ̀nà náà, kì í ṣe pé wọ́n tì í pa.

Chuck Yeager ló fi hàn ní 14 October 1947, lórí aṣálẹ̀ California, nínú Bell X-1. Eegun ìhà rẹ̀ méjì ti ṣẹ́ níbi tó ti já bọ́ lórí ẹṣin, kò sì jẹ́ kí àwọn ọ̀gá rẹ̀ mọ̀. Igi ìgbálẹ̀ tí wọ́n gé ló fi ti ilẹ̀kùn bàálù pa, torí ọwọ́ rẹ̀ kò lè nà dé ibẹ̀. Ó kọjá ìyára ìró díẹ̀. Ẹ wá wo apá X-1 o: tààrà ló nà! Tínrín ni, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ epo tán láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ló fi agbára gba ọ̀nà kọjá. Nítorí náà, kì í ṣe kí bàálù lè kọjá ìyára ìró ni wọ́n ṣe ń tẹ apá sẹ́yìn. Kò sí bàálù akérò yín tó ń kọjá rẹ̀ rárá. Kí wọ́n lè sún mọ́ ọn láìsan owó ọ̀nà ni.

Gbígun òkè ní ẹ̀gbẹ́

Ẹni tó ru ẹrù gun òkè kì í gùn ún tààrà. Á gbà á ní ẹ̀gbẹ́, á máa rìn ní dídágùn-ún. Òkè náà kò kúrú, ṣùgbọ́n bó ṣe ga lójú ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dínkù. Ohun tí wọ́n ṣe sí afẹ́fẹ́ náà nìyẹn. Tí apá bá nà tààrà, gbogbo ìyára bàálù ló ń kọlù ú lójú. Tó bá tẹ̀ sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ á gba orí rẹ̀ ní ìdágùn-ún. Apá kan nínú eré náà ń lọ gbà gígùn apá, láti ìdí lọ sí ẹnu, ìyẹn kì í sì í dá wàhálà sílẹ̀. Èyí tó kọjá ní ìbú nìkan ló ṣe pàtàkì. Apá Boeing 707 fi ìwọ̀n dígírí 35 tẹ̀ sẹ́yìn. Bó bá ń sáré 900 kìlómítà ní wákàtí, lórí ìwé, eré bí 740 ni apá rẹ̀ ń rí. Lójú ayé, èrè náà kéré díẹ̀ sí i, àmọ́ ó tó láti sọ bàálù di ohun tó ń pa owó.

Adolf Busemann, ará Jámánì, ti sọ èyí ní gbangba ní 1935, níbi àpérò kan ní Róòmù tí àwọn àgbà onímọ̀ ayé pé sí. Wọ́n gbọ́, wọ́n jẹun, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ya "bàálù Busemann" sẹ́yìn ìwé oúnjẹ láti fi dá àpárá, olúkúlùkù sì gba ilé rẹ̀ lọ. Jámánì nìkan ló ń bá a lọ. Ní 1945, Robert T. Jones dá a rò fúnra rẹ̀ ní NACA, ilé ìwádìí òfurufú Amẹ́ríkà tó padà di NASA ní 1958. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ń jiyàn pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Jámánì ṣubú. Ní May ọdún yẹn, George Schairer ti Boeing wà lára àwọn tó wọ ilé ìwádìí Jámánì, ó rí ìwé àbájáde tí wọ́n ti kó jọ, ó sì kọ lẹ́tà sílé pé kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró lórí bàálù alápá tààrà tí wọ́n ń yà lọ́wọ́. Èyí tó bí B-47 nìyẹn, bàálù ajubọ́ǹbù ti Boeing, tó fò ní 17 December 1947, tó sì bí ìran 707.

Àwọn kan máa ń sọ pé Me 262 ló kọ́kọ́ fi apá títẹ̀ sáré. Apá rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ torí pé ẹ́ńjìnnì wúwo ju bí wọ́n ṣe rò lọ ni. Wọ́n tẹ apá sẹ́yìn kí ìwúwo bàálù má bàa pọ̀ jù lápá kan.

Ìṣòro kan ṣì kù: bí wọ́n ṣe máa wo gbogbo èyí nílẹ̀. Inú ihò ńlá tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbà ni wọ́n ti ń dán àwòṣe bàálù wò. Tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá ti sún mọ́ ìyára ìró, ìgbì ara àwòṣe á lọ kọlu ògiri ihò, á padà wá, gbogbo ohun tí wọ́n bá kà níbẹ̀ á sì di irọ́. John Stack àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní Langley, Virginia, la ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sára ògiri náà kí ìgbì lè ríbi gbà, ojú wọn sì là. Inú irú ihò bẹ́ẹ̀ ni Richard Whitcomb ti rí i, ní ìparí 1951, pé kì í ṣe apá nìkan ni afẹ́fẹ́ ń wò. Gbogbo ìbú bàálù láti imú dé ìrù ló ń kà. Níbi tí apá bá ti yọ jáde, bàálù sanra lójijì. Ẹ fún un ní ìbàdí níbẹ̀, kí ara rẹ̀ dà bí igi ìlù dùndún. Àwọn ará Amẹ́ríkà fi wé ìgò Coca-Cola, àmọ́ dùndún ló wá sí mi lọ́kàn. YF-102, bàálù ogun Amẹ́ríkà kan tí kò lè kọjá ìyára ìró ní 1953 bó ti wù kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbìyànjú tó, kọjá rẹ̀ ní December 1954 lẹ́yìn tí wọ́n fún un ní ìbàdí.

Owó tí apá títẹ̀ ń gbà

Bàálù jẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tó kó èrò fún owó ni Comet ti Bíríténì, ní 2 May 1952, láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Johannesburg. Méjì nínú wọn já sínú òkun nítòsí Ítálì ní January àti April 1954. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe apá. Òkè tí jẹ́ẹ̀tì ń fò dé ga débi pé wọ́n ní láti fẹ́ afẹ́fẹ́ kún inú bàálù kí èrò lè mí. Bó ṣe ń wú tó ń rọ̀ nírìn-àjò kọ̀ọ̀kan, irin rẹ̀ ń rẹ̀, títí tó fi sán ní igun ihò tí wọ́n gé sí i lára. Ní Farnborough, wọ́n ri odindi Comet kan sínú àgbá omi, wọ́n sì ń fi omi fún un ní irú wíwú yẹn lera-lera títí tó fi ya. Omi ni wọ́n lò torí pé omi kì í bú gbàù bí afẹ́fẹ́ tí wọ́n kì mọ́ inú nǹkan.

Apá títẹ̀ ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ohun tó mú un dára nínú eré ló sọ ọ́ di ọ̀lẹ nígbà tí bàálù bá ń rìn jẹ́jẹ́. Tí apá bá ń rí 740 dípò 900, nígbà tí bàálù bá ń bọ̀ wálẹ̀ náà, díẹ̀ ló máa rí nínú eré tó kù. Ó ní láti sáré gan-an kó tó gbéra, ó nílò ọ̀nà gígùn. Ẹ wá fi ooru Kánò kún un, tàbí Nairobi tó wà lórí òkè ní ohun tó ju mítà 1,600 lọ. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, ti orí òkè náà fúyẹ́. Apá kò rí nǹkan tẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò rí iṣu jù.

Torí àwọn pápákọ̀ bẹ́ẹ̀ ni BOAC, ilé iṣẹ́ bàálù ìjọba Bíríténì, ṣe ní kí ilé iṣẹ́ Vickers kọ́ VC10. Ìdí bàálù ni wọ́n kó ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí, kí apá lè dá wà lófo, kí wọ́n sì lè fi irin pẹlẹbẹ tó ń yọ jáde kún gbogbo iwájú rẹ̀ àti apá tó pọ̀ nínú ẹ̀yìn rẹ̀. Ní 29 April 1964, VC10 àkọ́kọ́ tó kó èrò gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù. Èkó ló ń lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fa ọ̀nà pápákọ̀ gùn káàkiri kí 707 lè dé ibẹ̀, VC10 kò sì ju 54 lọ tí wọ́n kọ́, ṣùgbọ́n àwọn irin pẹlẹbẹ tó ń yọ jáde yẹn, kò sí bàálù akérò jẹ́ẹ̀tì ńlá tí kò ní irú wọn lónìí.

Ẹ ti gbọ́ wọn rí. Nígbà tí bàálù yín bá ń sọ̀ kalẹ̀ sí Ìkẹjà, ìró kan á bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àga, bí ẹni ń yí ẹ̀rọ ìlọta tó gbẹ. Ẹni tó jókòó tì yín lè ti máa ké pe Jésù tàbí kó máa fa tẹ̀sùbáà. Ẹ yọjú lójú fèrèsé kí ẹ wo apá: iwájú rẹ̀ ń yọ síta, ẹ̀yìn rẹ̀ ń gùn, ó ń tẹ̀ wálẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ tó fẹ́ bu omi. Wọ́n ń tún un ṣe lójú yín, kó lè gbé yín ní jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tó kù.